Ọ̀nà-Omi Àtijọ́ Gẹ́gẹ́ Bí Ẹlẹ́rìí Ìsẹ̀lẹ̀: Àyẹ̀wò fún Ìtòkú àti Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2009, ilẹ̀ mì tìtì ní Abẹ́òkúta. Kì í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 28, oṣù keje, ọdún 1984, àwọn ará Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣàgámù àti Ìbàdàn ti mọ irú ìmìtìtì bẹ́ẹ̀ lára. Kò ba ìlú jẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tètè tán lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìgbà mélòó ni ó ti ṣẹlẹ̀ kí ẹ̀rọ tí ń wọn ìmìtìtì ilẹ̀ tó dé Nàìjíríà? Níbi tí ìwé kò bá sí, ohun tí àwọn baba ńlá kọ́ sórí ilẹ̀ ni a ó bi léèrè.

Ìsẹ̀lẹ̀ ni Bíbélì Yorùbá pè é. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi àmì sábẹ́ ‘s’ inú ọ̀rọ̀ yìí ti sọ ọ́ di ìṣẹ̀lẹ̀, èyí tí í ṣe ohunkóhun tí ó bá ṣáà ti ṣẹlẹ̀. Àmì kékeré náà kì í ṣe ohun àmójúkúrò.

Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ní Al Harif

Ní orílẹ̀-èdè Síríà, lẹ́bàá ìlú Masyaf, ọ̀nà-omi kan wà ní Al Harif tí wọ́n fi òkúta kọ́ láyé ìjọba Róòmù. Àwọn tí ó kọ́ ọ kò mọ̀ pé ojú ibi tí àpáta abẹ́ ilẹ̀ ti pín sí méjì ni wọ́n gbé e gbà. Bí ilẹ̀ ti ń mì, bẹ́ẹ̀ ni apá méjèèjì ń yẹra fún ara wọn. Lónìí, ẹni tí ó bá dúró sí apá kan, tí ó wo ọ̀kánkán, yóò rí i pé ìyókù ògiri náà ti sún sí ọwọ́ òsì, ìwọ̀n mítà 13.6.

Ìsúnkúrò yìí kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Mustapha Meghraoui àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2003. Òmíràn tí ó kún jù ú lọ tẹ̀ lé e ní 2010. Wọ́n yẹ òkúta ògiri wò, wọ́n sì rí ibi tí àtúnṣe ti yàtọ̀ sí iṣẹ́ àkọ́kọ́. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ tí ó yí i ká, wọ́n fi èédú tí wọ́n bá níbẹ̀ ṣírò ọjọ́ orí ìpele erùpẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé èèpo ẹfun tí omi ti fi sílẹ̀ lára ògiri. Èyí ni ó jọni lójú jù: omi tí ó ti inú òkúta ẹfun wá a máa fi ẹfun sílẹ̀ ní ìpele-ìpele bí ó ti ń ṣàn. Nígbà tí ọ̀nà-omi bá ya, tí omi dá, èèpo náà kò ní ga mọ́. Bí ó bá ń jò gba ibòmíràn, ibẹ̀ ni òmíràn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn, wọ́n rí ìsẹ̀lẹ̀ ńlá mẹ́ta láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Èyí tí ó kẹ́yìn bá ti ọdún 1170 mu, èyí tí àwọn òpìtàn ìgbà náà kọ sílẹ̀.

Ohun tí ó wà ní Ìtòkú

Ìtòkú kò ní irú ọ̀nà-omi bẹ́ẹ̀. Orí àpáta líle ni Abẹ́òkúta tẹ̀dó sí, ẹfun kò sì pọ̀ nínú omi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ṣe sìmẹ́ńtì, ni ẹfun wà. Yàtọ̀ sí èyí, ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá dé sábẹ́ Olúmọ, nítorí náà ògiri tí ó pẹ́ jù níbẹ̀ kò tíì pé igba ọdún. Ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀rí tí ó jìnnà ju èyí lọ, inú ahoro àwọn ìlú Ẹ̀gbá àtijọ́ ni kí ó lọ, níbi tí àwọn ará Ìtòkú ti wà kí ogun tó tú wọn ká. Ilé-Ifẹ̀ náà ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ àpáàdì, irú èyí tí Frank Willett hú jáde ní Ìta Yemòó láti ọdún 1957: àpáàdì tí wọ́n tò ní ìdúró, tí òjò fi ń ṣàn kúrò lágbàlá. Bí ilẹ̀ bá yẹ̀ lábẹ́ irú iṣẹ́ títò bẹ́ẹ̀, ìlà rẹ̀ kò ní ṣòro rí.

Àmọ́ sánńtì ara ògiri nìkan kò tó ẹ̀rí. Àgbàrá a máa jẹ ìpìlẹ̀, gbòǹgbò igi a máa gbé ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ilé alámọ̀ a sì máa sán fúnra rẹ̀. Bí ilé púpọ̀ bá sán sí ọ̀nà kan náà, tí ẹnu àwọn àgbà sì bá a mu, ọ̀rọ̀ di èyí tí a lè gbé yẹ̀ wò.

Ẹ̀rí ẹnu yìí ni ó ń yára lọ jù. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1984 ti lé ní ọgọ́ta báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó bá tọ irú àgbà bẹ́ẹ̀ lọ kò gbọdọ̀ bi í pé “Ǹjẹ́ ilẹ̀ mì?”, nítorí “bẹ́ẹ̀ ni” lásán ni yóò gbà. Kí ó béèrè ohun tí ó já bọ́ láti orí pẹpẹ, apá ibi tí ó ṣubú sí, ògiri tí ó sán àti ẹni tí ó tún un rẹ́. Kí ó sì béèrè nípa kànga: bóyá omi rẹ̀ rú, bóyá ó fà tàbí ó kún, àti ọjọ́ mélòó kí ó tó tòrò.