KÍ Ẹ TÓ TỌWỌ́ BỌ̀WÉ OWÓ Ẹ̀YÁ ILÉ-Ẹ̀KỌ́

Ìbéèrè kan ń wá lemọ́lemọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Ìkẹjà, Ọgbà àti Agége lọ́sàn-án, tí wọ́n ń wá sí kéú ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á ní: “Àáfáà, mo ti yege ìdánwò JAMB. Ìmọ̀ àjọṣe orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, tí wọ́n ń pè ní I.R., ni mo fẹ́ kọ́. Ṣé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí n yáwó ìjọba lọ kà á?” Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́sẹẹsẹ.

1. IRÚ GBÈSÈ WO NI?

Òfin tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni àjọ NELFUND fi ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ni ó wà fún. Ti aládàáni kò sí níbẹ̀. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá tún béèrè owó ìtọ́jú ara ni ètò náà ya ₦20,000 sọ́tọ̀ fún lóṣù. Sísan rẹ̀ di ẹ̀yìn ọdún méjì tí èèyàn bá parí ìsìnrú ìlú, tó sì ti ríṣẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù ni wọn yóò máa yọ.

Kò sí èlé lórí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Sūratul-Baqara, àáyà 275, mọ ìdí tí èyí fi jẹ́ ìtura fún wa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó ẹ̀yá akẹ́kọ̀ọ́ ní èlé lórí. Òfin ọdún 2017 fún ìjọba ibẹ̀ lágbára láti ṣe irú èyí tí Mùsùlùmí lè gbà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí kò bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: àìsí èlé kò sọ gbèsè di ẹ̀bùn. Àwọn kan ń gba ₦20,000 yẹn bí ẹni pé sàárà ni. Gbèsè ni, bí owó ilé-ẹ̀kọ́ ṣe jẹ́ gbèsè.

2. Ẹ JẸ́ KÍ A ṢÍRÒ Ọ

A fi àpẹẹrẹ ṣe é. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń gba ₦100,000 lọ́dún, ọdún mẹ́rin jẹ́ ₦400,000. Bí ẹ bá tún gba owó ìtọ́jú fún oṣù mẹ́wàá lọ́dọọdún, ìyẹn jẹ́ ₦800,000. Àpapọ̀ rẹ̀ di ₦1,200,000. Ẹni tó bá ríṣẹ́ ₦150,000 lóṣù yóò máa san ₦15,000. Oṣù 80 ni yóò fi san án, ó lé ní ọdún mẹ́fà. Bó bá jẹ́ owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ló yá, oṣù 27 ti tó.

Owó kan tún wà tí kò sí nínú ìwé NELFUND: owó oṣù tí ẹ fi sílẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin ọdún 2024 là kalẹ̀ ni ₦70,000. Fún oṣù 48, ó jẹ́ ₦3,360,000. Ẹ rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta gbèsè náà! Owó yìí ni ìyá fi ń se ọbẹ̀, òun ni àbúrò fi ń ra ìwé. Bí oyè bá gbé yín dé ₦150,000, ẹ ti fi ₦80,000 lé sí ti tẹ́lẹ̀. Oṣù 42 ni yóò dá ohun tí ẹ fi sílẹ̀ padà. Bó bá jẹ́ ₦90,000 ni ẹ rí, oṣù 168 ni, ìyẹn ọdún 14. Nítorí náà, iṣẹ́ tí ẹ máa rí lẹ́yìn ìwé ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀ jù.

3. IṢẸ́ WO LÓ WÀ NÍBẸ̀?

Ọ̀pọ̀ ń wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Ibrahim Gambari, ọmọ Ìlọrin, tó ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè ní 1984 sí 1985, tó sì ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti 1990 sí 1999. Ohun ìwúrí ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yẹn tóóró. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ìjọba pe gbogbo aṣojú wa nílẹ̀ òkèèrè padà sílé, ó sì lé ní ọdún méjì kí wọ́n tó fi orúkọ àwọn mìíràn ránṣẹ́ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Ẹni tó gbójú lé ipò aṣojú nìkan gbójú lé òjò tí kò ṣú.

Èyí kò wí pé ẹ̀kọ́ náà kò wúlò. Àwọn tó kà á lè ṣiṣẹ́ ní báńkì, iléeṣẹ́ ìròyìn, kọ́sítọ́ọ̀mù, ìmígírésọ̀n, àjọ aláàánú, àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó ọjà wọlé tàbí jáde ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ kan tó ń dúró de orúkọ I.R. fúnra rẹ̀ bí ilé ìwòsàn ṣe ń dúró de nọ́ọ̀sì. Ẹ gbọ́dọ̀ fi nǹkan kún un.

4. OHUN TÍ Ẹ TI NÍ LỌ́WỌ́

Láti ìgbà tí Ṣéèkì Ādam Abdullāh al-Ilọ̀rí ti gbé Markaz wá sí Agége ní 1955, èdè Lárúbáwá ti fìdí múlẹ̀ ní àdúgbò wa. Èdè yìí di ọ̀kan nínú èdè mẹ́fà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1973. Chad, aládùúgbò wa, Faransé àti Lárúbáwá ni èdè ìjọba rẹ̀. Ẹni tó bá lè kọ lẹ́tà kó sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ ní Lárúbáwá, tó tún kọ́ Faransé kún un, kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí nìkan. Ẹ má ṣe fi kéú sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá wọ yunifásítì.

5. ÈRÒ ÀTISAN

Ọdún 1972 ni ìjọba kọ́kọ́ dá àjọ ayánilówó fún akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó yáwó náà ni kò san án padà. Wọ́n sọ ọ́ di báńkì ẹ̀kọ́ ní 1993, òun náà kò dúró. Àwọn tó dé lẹ́yìn kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Gbèsè tí ẹnì kan kò san, ọmọ ẹlòmíràn ló ń jìyà rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fà sẹ́yìn láti kírun sí òkú kan lára nítorí gbèsè dínárì mẹ́ta, títí Abū Qatāda fi gbà á sọ́rùn. Dínárì mẹ́ta péré!

ÌMỌ̀RÀN

Ẹ lọ bá ẹni mẹ́ta tó ti ka I.R. tán ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kí ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń gbà. Bí ọkàn yín bá balẹ̀, tí àwọn ará ilé sì lè gbé e láìsí owó oṣù yín, ẹ yá owó ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ fi owó ìtọ́jú sílẹ̀ bí oúnjẹ bá wà nílé. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, bí Sūratul-Baqara, àáyà 282, ṣe pa á láṣẹ. Bí ilé bá gbára lé yín, ẹ wo yunifásítì NOUN, níbi tí òṣìṣẹ́ ti lè ka ìmọ̀ ìṣèlú tàbí ti àlàáfíà àti píparí ìjà láìfi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú kí èèyàn pẹ́ kó tó dé.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ìmọ̀ wa, kí Ó má jẹ́ kí a kú sínú gbèsè. Àmín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

(a) Kí ni ìyàtọ̀ láàárín gbèsè aláìlélé àti ẹ̀bùn?
(b) Ẹ ṣírò owó oṣù tí ẹ óò fi sílẹ̀ ní ọdún mẹ́rin. Ta ni nínú ilé yín ni yóò mọ̀ ọ́n lára jù?
(d) Kí ni ẹ lè fi kún ìwé ẹ̀rí tí ẹ fẹ́ gbà?