Jẹ̀díjẹ̀dí Lẹ́nu Aláìsàn àti Létí Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí a rán lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àárín ìgboro Ìbàdàn kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ọ: ‘Jẹ̀díjẹ̀dí ló ń dà mí láàmú.’ Wíwú iṣan ẹ̀jẹ̀ ihò ìdí ni àwa olùtumọ̀ sábà ń fi ọ̀rọ̀ yìí pè. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ará ìlú, ó kó ìgbẹ́ ọ̀rìn, ẹ̀yìn ríro àti àìlókun ọkùnrin pọ̀. Ṣúgà ni wọ́n sì máa ń dá lẹ́bi. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ìtumọ̀ tiwa kọ ọ́ sílẹ̀, tí kò béèrè ohun tí aláìsàn rí gan-an, jẹjẹrẹ ìfun lè fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ náà. Mo dábàá ‘iṣan-ìdí wíwú’ fún àrùn yẹn. Kí a fi jẹ̀díjẹ̀dí sílẹ̀ fún aláìsàn.