Bí A Ti Ń Fi Sùúrù Tọ́ Ajá Oníwà Líle

Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ ajá ni mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn àwọn olùkọ́. Ohun tí ajá kan kọ́ mi ní Yeoville, nínú ìlú Johannesburg, kò kéré sí ohun tí mo ti gbọ́ nínú kíláàsì láti ìgbà tí mo ti dé ilé-ẹ̀kọ́ yìí.

Ní agboolé tí mo wọ̀ sí, màmá onílé ní ajá pupa kan tí à ń pè ní Bhubesi, èyí tí í ṣe kìnnìún ní èdè Súlú. A máa fò mọ́ ènìyàn, kì í jẹ́ ìpè, a sì máa gbó mọ́ gbogbo ẹni tí ó bá kọjá lẹ́nu géètì. Ní ọjọ́ kan ó fa ṣòkòtò ọmọdé kan ya, ọmọ ayálégbé kan tí ó ti Màláwì wá. Màmá onílé pè mí, ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ ni o sọ fún mi pé ọmọ ọdẹ ni ọ́. Oṣù kan ni mo fún ajá yìí. Bí kò bá yí padà, n ó pe àwọn tí ń gún ajá ní abẹ́rẹ́ ikú." Lóòótọ́ ni mo ti fọ́nnu fún un, n kò sì lè kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Mo mú igi. Ní ilé bàbá mi, bí ajá bá kùn, igi ni a fi ń dá a lóhùn. Mo nà án nígbà tí ó fò, mo nà án nígbà tí ó gbó, mo sì nà án nígbà tí ó kùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò kùn mọ́, inú mi sì dùn bí ẹni tí ó gba ìwé ẹ̀rí. Ní ọjọ́ kẹjọ mo na ọwọ́ láti gbé àwo oúnjẹ rẹ̀. Kò kùn, kò fi eyín hàn. Ó kàn bù mí jẹ ní ọwọ́ ọ̀tún ni. Àpá náà ń bẹ níbẹ̀ títí di òní. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Àrùn dìgbòlugi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà: ó jà ní gúúsù Johannesburg ní ọdún 2010, bí ó bá sì ti fi àmì hàn lára ènìyàn, ikú ni ó sábà máa ń já sí. Òfin ilẹ̀ yìí pa á láṣẹ pé kí á gún gbogbo ajá ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí n ti mọ̀ nìyí: ìkùn ajá kì í ṣe àfojúdi. Ó ń wí pé, "Ẹ̀rù ń bà mí, jọ̀wọ́ sún sẹ́yìn." Nígbà tí mo fi igi pa á lẹ́nu mọ́, n kò mú ẹ̀rù náà kúrò, ìkìlọ̀ nìkan ni mo mú kúrò, eyín sì ṣẹ́kù.

Ẹ rántí Thorndike, ará Amẹ́ríkà tí ó ti àwọn ológbò mọ́ inú àpótí, tí ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1898. Ó rí i pé ìwà tí ohun dídùn bá tẹ̀ lé a máa gbilẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, nítorí ìdánwò nìkan ni. Ọwọ́ tí a fi aṣọ dì ni ó jẹ́ kí n tún ìwé náà ṣí.

Mo ra ẹ̀dọ̀ màlúù, mo bọ̀ ọ́, mo gé e wẹ́wẹ́ bí hóró ẹ̀wà. Fífò ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Kí ni ajá ń wá nígbà tí ó bá fò mọ́ ènìyàn? Ojú wa ni, àti ọwọ́ wa. Ẹni tí ó bá ń tì í, tí ó sì ń pariwo mọ́ ọn, ti fún un ní ohun tí ó ń wá. Nítorí náà, bí Bhubesi bá fò, n ó kẹ̀yìn sí i, n ó dúró bí òpó. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti kan ilẹ̀, n ó wí pé, "Ó káre!" n ó sì fún un ní ẹ̀dọ̀. Ẹ má ṣe fi falẹ̀ o: bí ẹ̀bùn bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lọ, ajá kò ní mọ iṣẹ́ tí ó gba owó rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni ó gbà wá. Ìbá má tó bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ilé tí ó ń gbá a mọ́ra lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ó bá fò. Ìwà tí à ń san ẹ̀san fún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kì í tètè parẹ́.

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n mo bi ara mi pé, kí ni ọdẹ náà ń fún un nígbà tí ó bá jẹ́ ìpè? Èmi a máa pe Bhubesi kí n lè so ó mọ́lẹ̀, tàbí kí n lè nà án nítorí pé ó pẹ́. Ta ni yóò sáré wá jẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀? Mo pa orúkọ rẹ̀ tì, mo mú fèrè. Mo fọn ọ́n nígbà tí ó wà ní ìgbésẹ̀ méjì sí mi, mo fún un ní ẹ̀dọ̀. Lẹ́yìn náà ìgbésẹ̀ márùn-ún. Lẹ́yìn náà láti ẹ̀yìnkùlé. Bí ó bá ti jẹ ẹ́ tán, mo ń jẹ́ kí ó padà lọ ṣeré. N kò bá a wí nítorí pípẹ́ mọ́. Ní ti títọ̀ sínú ilé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn: ẹ mú ọmọ ajá jáde bí ó bá jí àti bí ó bá jẹun tán, kí ẹ yìn ín níta.

Géètì ni ó ni wá lára jù. Scott àti Fuller, tí ìwé wọn jáde ní ọdún 1965, fi hàn pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta títí di ọ̀sẹ̀ kejìlá ni ọmọ ajá ń mọ irú ẹni tí í ṣe ẹni tirẹ̀. Ajá tí a bá sé mọ́ ẹ̀yìn ògiri ní àkókò náà, gbogbo àlejò ni ọ̀tá lójú rẹ̀. Ògiri gíga kò sì wọ́n ní Johannesburg. Mo mú Bhubesi jókòó ní ìdí ilé, níbi tí ó ti lè rí ẹni tí ń kọjá láìgbó. Bí ènìyàn bá yọ, ẹ̀dọ̀ ń bọ̀. Bí ó bá kọjá tán, ẹ̀dọ̀ tán. Lójoojúmọ́ ni a ń fi ìgbésẹ̀ kan sún mọ́ géètì. Bí ó bá gbó, a ti sún mọ́ jù, ẹ̀bi mi ni, a ó sì padà sẹ́yìn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ajá rárá, wọn kò sì jẹ̀bi. Ọ̀rẹ́ mi kan láti Soweto sọ fún mi pé ajá ọlọ́pàá ni bàbá òun ń rántí nípa ìgbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Kò sì parí síbẹ̀: ní oṣù kìíní ọdún 1998, àwọn ọlọ́pàá mẹ́fà ní apá ìlà-oòrùn Johannesburg dẹ ajá sí ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ti Mozambique wá, wọ́n sì ya fíìmù rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2000 ni tẹlifíṣọ̀n SABC fi í han gbogbo ayé. Ní ọdún 2001 a rán mẹ́rin nínú wọn lọ sẹ́wọ̀n. Ajá kò yan ọ̀tá fún ara rẹ̀ níbẹ̀. Ènìyàn ni ó kọ́ ọ, ènìyàn ni ó sì tú u sílẹ̀.

Nínú ìlú kan náà ni obìnrin afọ́jú kan, Gladys Evans, ti dá ẹgbẹ́ tí ń kọ́ ajá láti máa fi ọ̀nà han afọ́jú sílẹ̀ ní ọdún 1953. Ẹ ronú sí iṣẹ́ irú ajá bẹ́ẹ̀: bí ọ̀gá rẹ̀ bá ní kí ó máa lọ, tí ọkọ̀ sì ń bọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ àṣẹ náà. Ajá tí ìbẹ̀rù pàṣán ti pa kò lè kọ àṣẹ. Ní Mpophomeni, ní KwaZulu-Natal, láti ọdún 2009 ni àwọn ọmọdé ti ń mú ajá wọn wá sí ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní Funda Nenja, èyíinì ni pé kí o kẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú ajá; àtọmọ àtajá, wọn kì í lo igi níbẹ̀.

Òfin ilé-ẹ̀kọ́ ti ọdún 1996 ti gba ẹgba lọ́wọ́ olùkọ́ ní ilẹ̀ yìí. N kò wí pé ọmọ ènìyàn àti ajá dọ́gba. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ fi ìkọ́ni dánra wò, mo jágbe mọ́ ọmọ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì béèrè ohunkóhun mọ́. Mo mọ ìdákẹ́ náà. Mo ti rí i rí lẹ́bàá àwo oúnjẹ.

Nígbà tí oṣù pé, màmá onílé jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ọmọ Màláwì náà wọlé, ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Bhubesi dìde, ó wò mí lójú, ó jókòó. Mo fi ẹ̀dọ̀ lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó jù ú sí i láti òkèèrè. Màmá onílé kò sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ mọ́. Iye tí mo ń ná lórí ẹ̀dọ̀ lọ́sẹ̀ ni ó béèrè. Ajá náà ṣì ń gbó mọ́ àwọn tí ń gun alùpùpù, a sì ti tún padà sí ìdí ilé, èmi àti òun.