Bọ́tìnì Pàjáwìrì Nínú Àwòrán Ẹ̀rọ

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹni tó ń fi àwòrán ṣètò ẹ̀rọ, tó ń ya àpótí fún ipò kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ lè wà, tó sì ń fi ọfà so wọ́n pọ̀, ti gbọ́ nípa ogun tirẹ̀ tẹ́lẹ̀: lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ náà yóò há sí ipò tí ọfà kankan kò ti jáde.

Kí ẹ̀rọ lè yọ nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn a máa fa ọfà pàjáwìrì láti inú àpótí kọ̀ọ̀kan. Àpótí ogún, ọfà ogún. Ẹni tó bá wá fi àpótí kan kún un lóṣù tó ń bọ̀ lè gbàgbé ọfà tirẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà yóò sì ti bẹ́. Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. David Harel, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ísírẹ́lì, ló fi ibi pẹlẹbẹ náà hàn. Láàárín àwọn ẹnjiníà tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ogun Lavi ló ti gbé ọ̀nà ìyàwòrán tó pè ní statecharts kalẹ̀, ó sì tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 1987. Aago ọwọ́ Citizen kan ló fi ṣàpẹẹrẹ. Ó kó gbogbo iṣẹ́ aago náà sínú àpótí ńlá kan. Ọfà kan láti etí àpótí ńlá yìí sì ti tó láti sọ pé bí wọ́n bá yọ bátìrì, iṣẹ́ yòówù kó máa ṣe lọ́wọ́, aago kú nìyẹn.

Kí oníṣẹ́ yẹ irinṣẹ́ rẹ̀ wò dáadáa o. Nínú Stateflow, irinṣẹ́ kan fún irú àwòrán yìí, ọfà àpótí òde ló ń ṣáájú. Nínú UML, ìlànà fún yíya àwòrán ètò kọ̀ǹpútà, ti inú ló ń borí bí àmì kan náà, ìyẹn ohun tó ń mú ọfà ṣiṣẹ́, bá kan méjèèjì. Nítorí náà, kí àmì pàjáwìrì ní orúkọ tirẹ̀, tí ọfà mìíràn kò gbọdọ̀ lò.

Ibo wá ni kí ọfà náà já sí? Kì í ṣe ẹnu iṣẹ́. Ipò ààbò ni: mọ́tò dúró, ẹ̀rọ ń retí èèyàn. Ìlànà ISO 13850 sọ ọ́ gbangba pé dídá bọ́tìnì pàjáwìrì padà sí ààyè rẹ̀ kò gbọdọ̀ mú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Láàárín 1985 sí 1987, ó kéré tán, aláìsàn mẹ́fà ni Therac-25, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ, fún ní ìtànṣán tó pọ̀ kọjá ààlà, àwọn kan sì kú. Bí ẹ̀rọ náà bá dá iṣẹ́ dúró fúngbà díẹ̀ nítorí àṣìṣe, òṣìṣẹ́ lè tẹ lẹ́tà P nìkan kí ó tún máa bá a lọ.

Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Àwòrán lè ti dé ipò ààbò kí òǹkà àná ṣì wà nínú ẹ̀rọ. Kí ọfà pàjáwìrì pa gbogbo òǹkà àti aago inú ètò rẹ́. Àmì H tí Harel fi ń rántí ipò tí a ti kúrò wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe sí lójú ọ̀nà yìí, torí yóò dá ẹ̀rọ padà sínú kòtò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á yọ.

Bí ẹ̀rọ náà bá lè ṣe èèyàn léṣe, àwòrán nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ ní bọ́tìnì gidi tó ń gé agbára mọ́tò láìdúró de kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dán ọfà pàjáwìrì wò nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, títí kan ipò ààbò fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì tún dán an wò nígbàkúùgbà tí àpótí tuntun bá wọlé.