ÀWỌN ẸGBẸ́ AWO ÀTIJỌ́ ÀTI ÌBẸ̀RẸ̀ Ẹ̀SÌN KRISTẸNI

Ní àdúgbò bíi Èjìgbò wa yìí, níbi tí mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì ti ń gbọ́ ohùn ara wọn, kò sí bí ọmọ iléèwé wa kò ṣe ní bá ọmọ Kristẹni jiyàn. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ Thanawi fẹ́ràn láti sọ nínú irú iyàn bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀dọ̀ àwọn abọ̀rìṣà Róòmù ni ẹ̀sìn Kristẹni ti jí gbogbo ohun tí ó ní. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí òtítọ́ wà nínú rẹ̀, àsọdùn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ayé ìjọba Róòmù, yàtọ̀ sí òrìṣà tí gbogbo ìlú ń bọ ní gbangba, ẹgbẹ́ awo pọ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ nípa Ògbóni nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ wọn kò ní ṣàjèjì sí i: wọn a mú ènìyàn wọ awo, kò gbọdọ̀ tú àṣírí, ọ̀gbẹ̀rì kò sì gbọdọ̀ débẹ̀. Ní Eleusis, lẹ́bàá Athens nílẹ̀ Gíríìsì, awo Demeter wà fún ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Àwọn tí ó ń wọ̀ ọ́ a gbààwẹ̀, wọn a mu ohun mímu kan tí a fi ọkà báálì ṣe, wọ́n sì ń retí ire lẹ́yìn ikú. Awo Isis wá láti Íjíbítì, pẹ̀lú ìtàn Osiris ọkọ rẹ̀ tí wọ́n pa, tí ó sì tún yè. Ṣùgbọ́n ọba àwọn òkú ni ó dà, kò padà sáyé. Awo Mithras jẹ́ ti ọkùnrin nìkan, àwọn ọmọ ogun sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ilédì wọn a máa dà bí ihò abẹ́ ilẹ̀, ipò méje ni wọ́n ń gùn, wọ́n sì jọ ń jẹun pọ̀.

Àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ gan-an rí ìjọra yìí. Justin, ọ̀mọ̀wé wọn tí wọ́n pa ní Róòmù ní nǹkan bí ọdún 165, kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn onímithras náà ń lo búrẹ́dì àti ife omi nígbà tí wọ́n bá ń mú ènìyàn wọlé. Kò sẹ́ ẹ. Ohun tí ó sọ ni pé àwọn ẹ̀mí èṣù ni ó fi ti ìjọ ṣe àwòkọ. A kò ní gba àlàyé yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ orí nǹkan: púpọ̀ nínú àwókù ilédì Mithras tí wọ́n hú jáde ni wọ́n kọ́ lẹ́yìn ọdún 100, nígbà tí Paul ti kọ lẹ́tà rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 50 sí 60. Báwo ni yóò ṣe wò wọ́n kọ? Oúnjẹ ìrékọjá àti ìwẹ̀nùmọ́ pẹ̀lú omi, àwọn Júù ti ń ṣe wọ́n tipẹ́, Júù sì ni Paul.

Ti ọjọ́ 25 oṣù Dìsẹ́ńbà yàtọ̀. Kò sí ọjọ́ ìbí Ànábì Ísá (kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nínú ìwé Ìhìnrere kankan. Ọba Aurelian kọ́ ilé òrìṣà ńlá fún Oòrùn ní Róòmù lọ́dún 274. Nínú ìwé ọdún kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 354 ni a ti rí ọjọ́ ìbí Oòrùn àti ọjọ́ ìbí Jésù, tí méjèèjì bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí èyí tí ó ṣáájú. Bí iyàn àwọn ọmọ wa bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ níbì kan, ibí yìí ni.

Suratut-Tawbah, āyah 30, sọ pé pípè tí wọ́n ń pe Mèsáyà ní ọmọ Ọlọ́hun jọ ọ̀rọ̀ àwọn aláìgbàgbọ́ tí ó ti wà ṣáájú wọn. Ìyẹn tó wa. Āyah náà kò dárúkọ Mithras, kò sì ní kí á máa fi ìtàn tí a kò wádìí kún un. Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀bẹ kan náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù kan ń nà sí wa: wọ́n ní àwọn Lárúbáwá ti ń yí Kaaba po kí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) tó dé. Lóòótọ́ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn wa ni pé ti Ànábì Ibrahim ni, àwọn ni wọ́n bà á jẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ àlàyé òun, kí ó gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ǹjẹ́ àwọn Kristẹni ilẹ̀ wa kò ha ń pe olórí ìjọ wọn ní àlùfáà, tí wọ́n ń wàásù, tí wọ́n ń gba àdúrà? Ẹnu àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n ti bá ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, àwọn kan sì ti wà nínú Bíbélì láti ìgbà Ajayi Crowther. Ṣọ́ọ̀ṣì kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di mọ́sálásí.

Ohun tí ó ya àwọn Kristẹni ìgbà náà sọ́tọ̀ ni èyí: ẹni tí ó wọ awo Isis lónìí lè wọ ti Mithras lọ́la, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Ṣùgbọ́n Paul kìlọ̀ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé ẹni tí ó ń bá ìjọ jẹun kò gbọdọ̀ tún jẹ ní ojúbọ òrìṣà. Nítorí náà ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1914 ṣe yani lẹ́nu. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan, T. A. J. Ogunbiyi, dá ẹgbẹ́ Ògbóni ti Kristẹni sílẹ̀. Ní 1934 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Reformed Ogboni Fraternity, kí ẹni tí kì í ṣe Kristẹni náà lè wọ̀ ọ́. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún Mùsùlùmí nìyẹn. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sọ pé ẹgbẹ́ ọmọlúwàbí ni, pé kò dí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohun tí àwọn ará Róòmù náà gbà nípa awo tiwọn gan-an nìyẹn. Bí irú ìpè bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n nínú ilé, ọmọ Thanawi tí ó ń bá ọmọ Kristẹni jà lórí awo Róòmù ní iyàn mìíràn tí ó sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.