Oòrùn àti Òṣùpá Kò Kọ́ Ẹnikẹ́ni Níṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ awòràwọ̀ ti gbòde láàárín yín. Ẹ ó fi ọjọ́ ìbí yín ránṣẹ́ lórí fóònù sí ẹni tí ẹ kò rí rí, òun náà á ní oòrùn àti òṣùpá pàdé lọ́jọ́ tí wọ́n bí yín, nítorí náà iṣẹ́ báyìí ni kí ẹ ṣe. Mi ò bú ìmọ̀ náà. Àwọn ará Íńdíà tó ni ín ti ń lò ó tipẹ́tipẹ́, Jyotish ni wọ́n ń pè é, ìdílé púpọ̀ níbẹ̀ kì í sì í mú ọjọ́ ìgbéyàwó láì bi awòràwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí wọ́n ń sọ gan-an ká tó fi iṣẹ́ ọwọ́ wa sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwọn, oòrùn ni ọba, òun ni baba, òun ni ìjọba àti àṣẹ. Òṣùpá ni ìyá, òun ni ọkàn èèyàn àti ọ̀pọ̀ èrò. Nígbà tí méjèèjì bá wà lójú kan, òṣùpá kò ní ìmọ́lẹ̀ tí a lè rí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé ẹni tí a bí nígbà náà máa ń gbájú mọ́ ohun kan ṣoṣo, pé ó ń fẹ́ ipò, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ bọ̀rọ̀. Wọ́n tún pín òfuurufú sí ilé 12. Bí ìpàdé náà bá bọ́ sí ilé kẹwàá, ilé iṣẹ́ àti orúkọ láwùjọ, wọ́n á ní iṣẹ́ ìjọba ló kàn.

Ó dáa. Ẹ bá mi ṣírò. Ọjọ́ 29 àbọ̀ síra ni oòrùn àti òṣùpá ń pàdé, nígbà tí òṣùpá kò yọ rárá, kí a tó rí i ní ìrọ̀lẹ́ kí a ní oṣù ti lé. Nínú èèyàn 12 tí ẹ bá kó jọ lọ́jà Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta, ó súnmọ́ kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tí a bí nígbà tí méjèèjì wà lábẹ́ àmì kan náà. Ilé kẹwàá yẹn pàápàá kì í dúró: láàárín bíi wákàtí méjì, ó ti bọ́ sábẹ́ àmì mìíràn. Ta ló wá mọ wákàtí ìbí rẹ̀ nínú yín? Ìyá ẹnìkan á ní ìgbà tí wọ́n ń pe ìrun àsùbáà ni, ìyá ẹlòmíràn á ní ọjà ò tíì tú. Wákàtí tó wu ẹni orí fóònù ló ń fi síbẹ̀.

Lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, ìpàdé yìí hàn sójú gbogbo wa. Òṣùpá bọ́ síwájú oòrùn, òjìji rẹ̀ gba Gánà, Tógò àti Benin wọ Nàìjíríà, ó sì kọjá lọ sí Niger. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí l'Ọ́jọ́rú yẹn ti tó ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ báyìí. Bí gbogbo wọn bá wọ ọ́fíìsì ìjọba, ta ni yóò máa yan búrẹ́dì, ta ni yóò máa tún ọ̀kadà ṣe?

Awòràwọ̀ lè mú àwọn ará ilé wa jẹ́rìí, mi ò ní fi bò. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1900 ni wọ́n bí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti l'Abẹ́òkúta níhìn-ín, bí ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí oòrùn àti òṣùpá pàdé ni. Ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1934 ni wọ́n bí Wọlé Ṣóyínká, ìbátan rẹ̀, òun náà bí ọjọ́ méjì lẹ́yìn irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ló sì kojú aláṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó kọ́ wọn. Fúnmiláyọ̀ wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ ní Abeokuta Grammar School, ó kàwé dé ìlú òyìnbó, ó padà wá ṣe tíṣà, kó tó kó àwọn obìnrin ọjà jọ láti kọ owó orí, tí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè fún ìgbà kan ní 1949. Ṣóyínká ọmọdé wà láàárín àwọn obìnrin náà, ó ń jíṣẹ́ fún wọn. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá ilé-ìwé St Peter's ní Aké, ìwé sì kún ilé wọn. Ẹ tún wo àwọn ọmọ Fúnmiláyọ̀ fúnra wọn: Olíkóyè àti Békò di dókítà, Fẹlá tí wọ́n rán lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1958 kí ó lọ kọ́ ìṣègùn ló yà sí orin.

Àwa náà ní àkọsẹ̀jayé. Bí ìyá bá bímọ, wọ́n á tọ babaláwo lọ kí wọ́n mọ irú ẹsẹ̀ tí ọmọ náà gbé wá. Ọ̀kan nínú odù 256 ni yóò jáde, yóò sọ èèwọ̀ ọmọ, ẹbọ rẹ̀, nígbà mìíràn ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò rí baba kan tó gbọ́ ọ tán tó wá jókòó. Kí ọmọ tó ga dé èjìká rẹ̀, ó ti mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Babaláwo náà mọ ilé, ó mọ ìyá, a sì lè padà lọ bi í bí nǹkan kò bá rí bó ṣe wí. Ta lẹ ó bi nínú fóònù?

Ohun tó mú mi sọ gbogbo èyí ni ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ àdìrẹ ní Ìtòkú. Àwọn awòràwọ̀ orí fóònù sọ fún un pé ìpàdé wà nílé kẹwàá rẹ̀, kó fi aró sílẹ̀, kó san owó sí i kí wọ́n là á lójú. Mo ní kó fi ọwọ́ rẹ̀ hàn mí. Aró ti wọ èékánná rẹ̀. Mo bi í léèrè iṣẹ́, ojú rẹ̀ sì là: ó ní bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, pé afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù, pé ẹni tó bá kánjú tún un rì bọnú aró yóò rí àbààwọ́n. Kò sí ìràwọ̀ tó sọ èyí fún un. Ọ̀gá rẹ̀ ni.

Mo ní kó parí iṣẹ́ náà, kó ṣe fíríìdọ́ọ̀mù, kí àwọn òbí rẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá bó ti yẹ. Bí iṣẹ́ ìjọba bá ṣì ń wù ú lẹ́yìn ìyẹn, fọ́ọ̀mù Moshood Abiola Polytechnic wà ńlẹ̀, kó gbà á, kó máa fi àdìrẹ san owó ilé-ìwé. Owó tí wọ́n ní kó fi ránṣẹ́, kó fi ra aṣọ funfun.