Bàtà Tó Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ọmọ mi, ìyá rẹ ló sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí o ti gbá pẹnáríti yẹn sókè, bàtà bọ́ọ̀lù rẹ kò kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́. Mi ò wá bá ọ wí. Jókòó. Ọkùnrin kan wà tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú bọ́ọ̀lù tìrẹ kọ́ ló ń gbá.

Mariano Rivera ni, ọmọ Panama. Abúlé àwọn apẹja tí wọ́n ń pè ní Puerto Caimito ló ti dàgbà, òun náà sì bá bàbá rẹ̀ fa àwọ̀n lójú omi. Páálí ló fi ṣe ìbọ̀wọ́ tó fi ń hán bọ́ọ̀lù. Ní 1990, ẹgbẹ́ New York Yankees gbà á síṣẹ́ bésìbọ́ọ̀lù, eré tí ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù, tí ẹlòmíràn ń fi igi gbá a. Ìpín mẹ́sàn-án ni eré náà. Àwọn yòókù á ti jù ú títí apá á fi ro wọ́n. Tó bá wá ku ìpín ìkẹyìn, tí Yankees fi díẹ̀ ṣíwájú, wọ́n á ní kí Rivera wá kádìí rẹ̀. Iṣẹ́ burúkú! Bó bá dára, gbogbo wọn ló jọ borí. Bó bá bàjẹ́, òun nìkan ló bà á jẹ́. Ìwọ náà ti tọ́ ọ wò báyìí.

Ohun ìjà kan ṣoṣo ló gbẹ́kẹ̀ lé. Ní 1997, bí òun àti Ramiro Mendoza, ọmọ Panama bíi tirẹ̀, ti ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn, bọ́ọ̀lù ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í yà bó bá kù díẹ̀ kó dé. Ó gbìyànjú kó má yà mọ́, ó kọ̀. Ó bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Cutter ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ẹni tó di igi mú níwájú rẹ̀ ló mọ ohun tó ń bọ̀, síbẹ̀ ọrùn igi ni bọ́ọ̀lù á bá, igi á sì kán. Ìgbà 652 ló gba eré là. Kò sí ẹni tó ju ìyẹn lọ.

Ṣùgbọ́n wo ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá 2001, eré tó kẹ́yìn nínú World Series, ìdíje àṣekágbá bésìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ní Arizona. Yankees ní 2, Arizona ní 1, ọwọ́ Rivera ni bọ́ọ̀lù wà. Ó ju ọ̀kan sí ará ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ṣì í jù. Tony Womack ti Arizona gbá tirẹ̀, ó di ọ̀mì. Luis Gonzalez, ará Arizona kan náà, wá gbá cutter kan, kò tilẹ̀ gbá a re; ó kàn rọra fò kọjá orí Derek Jeter, ará ẹgbẹ́ Rivera. Ó parí, Arizona ló borí.

Nítorí pé wọ́n pàdánù, kò sí ayẹyẹ ní New York, Enrique Wilson, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, bá tètè gba ilé lọ. Bàálù tí ì bá wọ̀ ká ní wọ́n borí já ní Queens ní ọjọ́ 12 oṣù náà, ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ kò yè. Rivera sọ pé inú òun dùn pé àwọn pàdánù. Mi ò sọ pé pẹnáríti tìrẹ gba ẹnikẹ́ni là o.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Rivera wo ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò pẹ́ níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù kan náà ló tún gbé padà wá. Ní 2004, ẹgbẹ́ Boston tún nà án. Nígbà tó padà síbẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2005, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, èrò ìwòran hó yèè, bí ẹni ń dúpẹ́ oore. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ní 2019, gbogbo àwọn 425 tó dìbò fún Hall of Fame, ilé ọlá àwọn akọni bésìbọ́ọ̀lù, ló yàn án, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn àwọn ará Minnesota ló wù mí jù. Ní 2013, ọdún tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fi àwọn igi tó ti kán kan àga kan fún un, irú èyí tó ń mì síwá sẹ́yìn. Èmi náà fẹ́ irú rẹ̀.

Ó yá, bẹ̀rẹ̀ kí o fa bàtà yẹn jáde. Èkúté lè ti jẹ okùn rẹ̀.